Ìwé Ìtàn Ìdílé Gwydir àti Àwọn Tí Wọn Ò Kọ Sínú Rẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1488, ọkùnrin kan ní àríwá Wales kó ẹrù rẹ̀, ó fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lọ ń gbé ní àfonífojì kan tí àwọn ọlọ́ṣà kún fọ́fọ́. Maredudd ab Ieuan lorúkọ rẹ̀. Ebi ò pa á. Ọba ò lé e kúrò nílùú. Ẹbí rẹ̀ gan-an ló ń sá fún. Ní Eifionydd níbi tí ilé wọn wà, ó ti pẹ́ tí àwọn ìbátan rẹ̀ ti ń para wọn lórí ilẹ̀ àti lórí ta ni ọ̀gá. Ó wò ó títí, ó rí i pé bí òun bá jókòó síbẹ̀, ọ̀kan nínú méjì ni: kí òun pa ẹbí òun, tàbí kí ẹbí pa òun. Ó ní ó sàn kí òun máa bá olè jà ju kí òun máa bá ẹ̀jẹ̀ òun jà lọ.

Yorùbá ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Maredudd ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ òwe yìí dáadáa.

Ọmọ ọmọ ọmọ rẹ̀ ló sọ ìtàn náà fún wa. Sir John Wynn lorúkọ tirẹ̀. Wọ́n bí i ní 1553, ó kú ní 1627. Ilé ńlá kan tó ń jẹ́ Gwydir ló ń gbé, létí odò Conwy, nítòsí ìlú Llanrwst. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní London, ó lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1586, ó jẹ sheriff, ọba sì fi í joyè baronet ní 1611. Láàárín gbogbo kòókòó-jàn-án-jàn-án yìí, ó wá àyè kọ ìwé kan nípa ìdílé rẹ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò tẹ̀ ẹ́ jáde nígbà ayé rẹ̀. Àdàkọ tí wọ́n fọwọ́ kọ ló ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí adájọ́ kan tó ń jẹ́ Daines Barrington fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1770.

Kí ló wá kàn wá nínú ìtàn bọ̀rọ̀kìní òyìnbó kan tó ti kú ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún ó lé sẹ́yìn? Ohun tó kàn wá ni pé gbogbo wa la ní irú ìwé yìí nílé, ìbáà jẹ́ nínú ìwé, ìbáà jẹ́ lẹ́nu àgbà. Àwa tí à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kì í ka kóòdù tí ẹlòmíì kọ torí ohun tó ń ṣe nìkan. A máa ń béèrè pé: kí nìdí tó fi kọ ọ́ báyìí? Ta ló gbé iṣẹ́ náà fún un? Ibo ló ti fo nǹkan? Ẹ jẹ́ ká ka ìwé John Wynn bẹ́ẹ̀.

Ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa orúkọ. Láyé ìgbà náà, ará Wales ò ní orúkọ ìdílé bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Orúkọ ẹ á ṣíwájú, ti bàbá ẹ á tẹ̀ lé e, ti bàbá bàbá ẹ á tún tẹ̀ lé ìyẹn, "ap" tàbí "ab" á sì wà láàárín wọn. "Ọmọ" ni ap túmọ̀ sí. Maredudd ab Ieuan ap Robert: Maredudd, ọmọ Ieuan, ọmọ Robert. Ẹni tó bá ti kọ kóòdù rí á sọ pé linked list nìyí, torí orúkọ kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ò kọ kóòdù rí náà á mọ̀ ọ́n, torí bí àwọn ìyá wa ṣe ń kini láàárọ̀ nìyẹn: ọmọ lágbájá, ọmọ lámọrín.

Ìwúlò rẹ̀ sì kọjá ẹ̀yẹ. Ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan, ti ẹbí ni. Ẹni tí ò lè ka àwọn baba ńlá rẹ̀ sẹ́yìn ò ní ẹ̀rí pé ó ní ìpín níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn akéwì fi níyì ní Wales. Wọ́n ń lọ láti ilé bọ̀rọ̀kìní kan sí òmíràn, wọ́n ń kéwì fún onílé, wọ́n ń ka ìran rẹ̀, wọ́n sì ń gba ẹ̀bùn. Ewì lónìí, ẹ̀rí ilẹ̀ lọ́la.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni ogún pínpín. Bí bàbá bá kú, gbogbo ọmọkùnrin rẹ̀ ló máa pín ilẹ̀ lọ́gbọọgba, títí kan èyí tó bí síta bó bá ti gbà pé òun lòun ni ín. Cyfran ni wọ́n ń pè é. Ó sún mọ́ ohun tí àwa ń pè ní orí-ò-jorí, àmọ́ ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń ka orí wọn. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ó wò. Bí ọkùnrin kan bá ní ọmọkùnrin 4, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn náà bí ọkùnrin 4, ìpín ọmọ ọmọ di ìdá 1 nínú 16. Ìran kan sí i, ó di ìdá 1 nínú 64. Ní àwọn òkè Eryri yẹn, níbi tí òkúta ti pọ̀ ju ilẹ̀ oko lọ, ìdá 1 nínú 64 lè má bọ́ ewúrẹ́ méjì. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìpín òun tóbi, ibi kan ló kù tó máa wò: ìpín ẹ̀gbọ́n ẹ̀, tàbí ti ọmọ àbúrò bàbá ẹ̀.

Ohun tí Maredudd sá fún nìyẹn. Ibo ló wá sá lọ?

Dolwyddelan ló lọ, ní àfonífojì Lledr. Ilé olódi kan wà níbẹ̀ lórí òkè, èyí tí Llywelyn ab Iorwerth kọ́, ọmọ aládé tó lágbára jù nínú àwọn aládé Gwynedd. Àwọn ọmọ ogun Edward Kìíní, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ti gbà á ní 1283, nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun Wales pátápátá. Ní nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn ìyẹn, Maredudd ra ẹ̀tọ́ láti máa gbé inú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó kọ́ ilé tirẹ̀ sí Penamnen, kò jìnnà síbẹ̀.

Àdúgbò náà ò fara rọ. Nítòsí ibẹ̀ ni Ysbyty Ifan wà, ilẹ̀ tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ àwọn ajagun onígbàgbọ́ tí wọ́n ń pè ní ti Jòhánù Mímọ́. Ibi ìsádi ni: ẹni tí òfin bá ń lé, bó bá ti wọ ibẹ̀, ó bọ́ nìyẹn. Torí náà ni apààyàn àti olè ṣe fi ibẹ̀ ṣelé. Wọ́n á jáde lálẹ́, wọ́n á jí màlúù, wọ́n á pààyàn, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti padà.

Ibi tí John Wynn ti sọ bí bàbá ńlá rẹ̀ ṣe ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló dùn mọ́ wa jù nínú gbogbo ìwé náà. Maredudd ò lè kàn dìde lọ́jọ́ Sunday kó ní òun ń lọ jọ́sìn. Ó gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn ilé pa, kó fi èèyàn ṣọ́ ọ. Ẹ̀ṣọ́ kan á gun orí àpáta kan tó ń jẹ́ Carreg y Big, níbi tó ti lè rí ilé, tó sì lè rí ṣọ́ọ̀ṣì, kó lè fariwo ta bí ogun bá dé sí ọ̀kan nínú méjèèjì. Maredudd á mú tafàtafà 20 dání, gbogbo wọn géńdé ọkùnrin. Kò ní sọ ọjọ́ tó máa lọ fún ẹnikẹ́ni, ọ̀nà tó bá gbà lọ kọ́ ni yóò gbà bọ̀. Ó tún kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun síbi tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, kí ẹnikẹ́ni má baà lúgọ dè é nínú igbó. Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ṣì wà ní Dolwyddelan títí dòní. Àwòrán Maredudd wà níbẹ̀, tí wọ́n fín sára idẹ: ó wọ ẹ̀wù ogun, ó kúnlẹ̀, ó ń gbàdúrà. Ọdún 1525 ló kú.

Díẹ̀díẹ̀ ló ń gba àfonífojì náà. Bí ilé kan bá ṣófo lórí ilẹ̀ tó wà níkàáwọ́ rẹ̀, géńdé tó mọ ọfà í ta ló máa fi síbẹ̀. Nígbà tó yá, ó lè pe tafàtafà tó lé ní ọgọ́rùn-ún jáde. Ní nǹkan bí 1500 ó ra Gwydir, ilé tí orúkọ ìdílé náà máa so mọ́ títí láé.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan nígbà èwe Maredudd. Alágbàtọ́ kan nítòsí ìlú Caernarfon ló tọ́ ọ, ó sì rán an lọ sílé ìwé nínú ìlú náà. Ó kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ́ èdè Látìn. Ní ìgbà tí bọ̀rọ̀kìní púpọ̀ ò gbọ́ ju èdè Wales lọ, ẹ̀kọ́ yẹn ju ogún ilẹ̀ lọ, torí ayé fẹ́ yí padà.

Ní August 1485, Henry Tudor gúnlẹ̀ sí etíkun Pembroke. Ìdílé bàbá rẹ̀ wá láti Penmynydd, ní erékùṣù Anglesey, ní àríwá Wales gan-an. Ó gba àárín Wales kọjá, ó kó èèyàn jọ lọ́nà, ó bá Richard Kẹta jà ní Bosworth, Richard kú, Henry di Ọba Henry Keje. Ṣe ni inú àwọn ará Wales ń dùn pé ọmọ wa ló dórí oyè yẹn. Bọ̀rọ̀kìní Wales wá rọ́nà dé London.

Ọmọ rẹ̀, Henry Kẹjọ, ló wá yí ìwé òfin padà. Òfin 1536 àti ti 1543 da Wales pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n pín ilẹ̀ náà sí àgbègbè bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n yan adájọ́ láti inú àwọn ọlọ́lá àdúgbò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì di èdè kóòtù, ẹni tí ò gbọ́ ọ kò lè di ipò ìjọba mú. Wọ́n fòpin sí pínpín ilẹ̀ fún gbogbo ọmọkùnrin: àkọ́bí ọkùnrin ló máa jogún. Ẹ rò ó wò. Ohun tí wọ́n ti ń torí ẹ̀ para wọn láti ìran dé ìran, gègé ìwé kan ṣoṣo ló pa á rẹ́. Àwọn àbúrò wá di ẹni tó ń wá iṣẹ́ lọ sí London, sí ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí sí ogun.

Orúkọ náà yí padà. Ọmọ Maredudd ń jẹ́ John Wyn ap Maredudd. Ìnagijẹ ni Wyn yẹn, "funfun" ló túmọ̀ sí. Òun ló tún Gwydir kọ́, ó sì kú ní 1559. Ọmọ tirẹ̀, Morys, ìbá jẹ́ Morys ap John ni. Ṣùgbọ́n adájọ́ àti akọ̀wé kóòtù Gẹ̀ẹ́sì ò ní sùúrù fún ap, ap, ap. Morys mú ìnagijẹ bàbá rẹ̀, ó sọ ọ́ di orúkọ ìdílé: Morys Wynn. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo wọn di Wynn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àmọ́ níbí yìí, kóòtù ni wọ́n wò. Ẹ̀yin tí orúkọ bàbá bàbá yín di orúkọ ìdílé yín lọ́jọ́ tí ẹnì kan lọ forúkọ sílẹ̀ níléèwé, ẹ mọ bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀.

Morys ni bàbá John tó kọ ìwé. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó tí Morys fẹ́ ni Katheryn ti Berain, obìnrin tí wọ́n ń pè ní Mam Cymru, Ìyá Wales, torí ọkọ mẹ́rin ló fẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ àti àtọmọdọ́mọ rẹ̀ sì wọnú ìdílé ńláńlá káàkiri. Morys ni ọkọ rẹ̀ kẹta. Obìnrin tó ní ilẹ̀ tirẹ̀ ni, àwọn èèyàn sì gbà pé ẹ̀jẹ̀ Henry Keje wà lára rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ àlè ọba náà. Irú obìnrin yìí tó kí wọ́n kọ odindi ìwé lé e lórí. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn ìdílé irú èyí, ibi tí ilẹ̀ gbà wọlé ni obìnrin. Wọn á sọ ọmọ ẹni tó jẹ́, wọn á sọ ohun tó kó wá, ó tán.

Ní 1580 Morys kú, John jogún. Ní 1603 Ọbabìnrin Elizabeth kú láìbímọ, ìran Tudor tán lórí oyè, James ọba Scotland gba ipò. James nílò owó fún àwọn ọmọ ogun tó wà ní Ulster, nílẹ̀ Ireland. Ní 1611 ó dá oyè tuntun sílẹ̀, baronet, oyè tí àkọ́bí ọkùnrin ń jogún. Owó ìdí rẹ̀ ni kí onítọ̀hún bọ́ ọmọ ogun 30 fún ọdún 3. Ọmọ ogun kan ń gba pẹ́ńsì 8 lójúmọ́. 30 lọ́nà 8 jẹ́ pẹ́ńsì 240, ìyẹn pọ́n-ùn 1 lójúmọ́ láyé ìgbà náà. Ọdún 3 jẹ́ ọjọ́ 1,095. Pọ́n-ùn 1,095 nìyẹn, ó pé pérépéré. Ṣùgbọ́n owó nìkan ò tó. Ẹni tó máa jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ máa rí ó kéré tán pọ́n-ùn 1,000 lọ́dún lórí ilẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé láti orí bàbá bàbá òun, ó kéré tán, ni ìdílé òun ti ní àmì ọlọ́lá.

A ò sọ pé torí oyè yìí ni John Wynn fi kọ ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ayé tó ń gbé nìyẹn. Ìran ẹni dà bí ìwé ẹ̀rí: ó ń ṣílẹ̀kùn, ó ń borí ẹjọ́, ó ń ti ọ̀tá mọ́ ìta. Nínú ìwé náà, ó tọ ìran rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá sí bàbá, ó dé orí Owain Gwynedd, ọba Gwynedd tó kú ní 1170. Látọ̀dọ̀ adájọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó di ọmọ ọba.

Ibẹ̀ ni a ti kan àyè tó ṣófo. John Wynn ń wá ewì tí àwọn akéwì ké fún àwọn baba ńlá rẹ̀. Ó rí ti àwọn tó sún mọ́ ọn. Nígbà tó wò sẹ́yìn díẹ̀ sí i, kò rí nǹkan kan mọ́. Fún ẹni tó ní ọmọ ọba lòun, ìtìjú ni. Ọmọ ọba wo ni akéwì ò kì?

Nínú iṣẹ́ tiwa, bí àyè kan bá ṣófo nínú data, null la máa ń kọ síbẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé a ò mọ̀, tó bá yá ẹnì kan lè wá mọ̀. Ohun tí wọ́n ń kìlọ̀ fún gbogbo ọmọ tuntun lẹ́nu iṣẹ́ ni pé kó má fi ohun tó rò sí ojú null, torí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á gbà pé òótọ́ ni. John Wynn ò kọ null. Ó kọ ọ́ pé Ọba Edward Kìíní ló so gbogbo akéwì Wales kọ́, pé wọ́n ń ru àwọn èèyàn sókè. Ìdí nìyẹn tí ewì ò fi sí.

Kò sí ẹ̀rí tó gbé e lẹ́sẹ̀. Bí Edward bá pa gbogbo akéwì, a jẹ́ pé iṣẹ́ náà ìbá ti parun. Dípò bẹ́ẹ̀, ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé ìṣẹ́gun yẹn ló bí Dafydd ap Gwilym, ẹni tí ọ̀pọ̀ gbà pé kò sí akéwì Wales tó tó o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu, kò ṣe é kó mọ́. Thomas Carte, òǹkọ̀wé ìtàn, fi sínú ìwé ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ, nínú ìdìpọ̀ kan tó jáde ní 1750. Thomas Gray kà á níbẹ̀, ó fi kọ ewì kan tó gbajúmọ̀ gan-an ní 1757. Ìtàn náà kọjá òkun. Ní 1857, ọba ńlá Austria, Franz Joseph, lọ sí ilẹ̀ Hungary tó ti fi ogun tẹ̀ lórí ba. János Arany, akéwì Hungary, mú ìtàn àwọn akéwì Wales, ó fi kọ ewì tirẹ̀ nípa akéwì tó kọ̀ láti yin ọba aninilára. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1863, àwọn ọmọ iléèwé Hungary ṣì ń kọ́ ọ sórí.

Ẹ wo ọ̀nà tó gbà! Bọ̀rọ̀kìní kan ò rí ewì ìdílé rẹ̀, ó wá àwáwí, àwáwí náà di ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di ewì London, ó di orin òmìnira ní Hungary. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn dára, a ò lè bínú sí i. Ṣùgbọ́n kò sọ irọ́ di òótọ́.

Àyè tí wọ́n dí nìyẹn. Èyí tí wọn ò tiẹ̀ ṣí rárá ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣe é ní ẹ̀tọ́: John Wynn kì í ṣe ẹni tó ń bo gbogbo nǹkan. Ó sọ bí ẹbí rẹ̀ ṣe para wọn, bí wọ́n ṣe lúgọ de ara wọn, láìdárúkọ rẹ̀ ní nǹkan míì. Ó tún ṣe oore. Ní 1610 ó dá iléèwé ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní Llanrwst, ó sì kọ́ ilé fún àwọn arúgbó tálákà. Ìwà ipá àwọn baba ńlá rẹ̀ ò tì í lójú rárá, ó ń fi yangàn díẹ̀.

Ohun tí ẹ ò ní rí bó ṣe yẹ ni àwọn tó ń ro ilẹ̀. Gbogbo ọrọ̀ Gwydir, láti orí tafàtafà Maredudd dé orí owó baronet, ìṣákọ́lẹ̀ ló ń gbé e. Ẹnì kan ló ń da àgùntàn, ẹnì kan ló ń gé koríko sílẹ̀ de òtútù, ẹnì kan ló ń san owó yẹn. Ní 1615, Ìgbìmọ̀ Ọba tó ń ṣàkóso Wales, ìgbìmọ̀ tí John Wynn fúnra rẹ̀ ti jókòó nínú rẹ̀, bá a ṣẹjọ́ lórí bó ṣe ń ni àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ rẹ̀ lára. Ọmọ ọba ní ojú ìwé ara rẹ̀. Ní ojú ìwé ìjọba, onílẹ̀ tí ìwà ẹ̀ pọ̀ jù.

Ẹlòmíì tún wà tí a lè fi mọ̀ ọ́n. Ní 1545 wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní Tŷ Mawr Wybrnant, lórí ilẹ̀ Gwydir, ọmọ ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún ìdílé Wynn. William Morgan lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ní inú ilé Gwydir ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Ó lọ sí Cambridge, ó di àlùfáà, ní 1588 ó sì parí iṣẹ́ tí wọn ò lè gbàgbé láé: odindi Bíbélì ní èdè Wales. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé Bíbélì yẹn ló gba èdè náà lọ́wọ́ ikú lẹ́yìn tí òfin 1536 ti lé e kúrò ní kóòtù. Ní 1601 ó di bíṣọ́ọ̀bù St Asaph.

John Wynn wá tọ̀ ọ́ lọ. Ó fẹ́ kí bíṣọ́ọ̀bù fi owó tó ń wọlé fún ìjọ Llanrwst sílẹ̀ fún òun, kí òun máa gba ìdámẹ́wàá rẹ̀. Morgan ní rárá, ẹ̀rí ọkàn òun ò gbà. Inú bí John Wynn. Lẹ́tà tó kọ ṣì wà. Ó ka gbogbo oore tí ilé Gwydir ti ṣe fún bíṣọ́ọ̀bù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi pé gbèsè ni. Èyí tí kò yé e ni pé ọmọ ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè wo ojú onílẹ̀ kó sọ pé rárá. Morgan kú ní 1604, kò fi ọrọ̀ sílẹ̀. Bíbélì ló fi sílẹ̀.

Ìdílé Wynn ńkọ́? Òfin tó ní àkọ́bí ọkùnrin nìkan ni kó jogún ló gbà wọ́n lọ́wọ́ ìjà ẹbí. Òun náà ló wá fi gbogbo ilé kọ́ sórí okùn kan ṣoṣo. Àkọ́bí John Wynn kú ní Ítálì ní 1614, bàbá rẹ̀ ṣì wà láyé. Oyè bọ́ sọ́wọ́ èkejì, Richard, tí kò bímọ, ó bọ́ sọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ Owen, ó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Owen. Ìyẹn kú ní 1674, ọmọbìnrin kan ló fi sílẹ̀, Mary. Mary gbé Gwydir lọ sílé ọkọ, sínú ìdílé àwọn ọlọ́lá Gẹ̀ẹ́sì. Oyè baronet lọ sọ́dọ̀ ìbátan kan. Nígbà tí ìyẹn kú ní 1719, oyè náà parẹ́. Ọdún 108 péré ló lò.

Ìtàn kan ló ṣẹ́kù, èyí tí kò sí nínú ìwé John Wynn, tí kò sì lè sí níbẹ̀. Nítòsí Betws-y-Coed, kò jìnnà sí Gwydir, omi kan ń já ṣòròṣòrò láti orí àpáta, Rhaeadr Ewynnol. Àwọn ará àdúgbò ń sọ ọ́ láti ìran dé ìran pé abẹ́ omi yẹn ni ẹ̀mí Sir John Wynn wà, pé wọ́n há a mọ́ ibẹ̀ kí omi máa fọ ìwà ìnilára tó hù nígbà ayé rẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Bí ọmọdé ò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá ni baba ìtàn. Àwọn tí kò ní gègé, tí wọn ò ní ìwé ìran, tí akéwì kankan ò kì, ìtàn tiwọn nípa ìdílé Gwydir nìyẹn. Gbólóhùn kan péré ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ju oyè lọ.

Àwa ò gbà pé ẹ̀mí kan wà lábẹ́ omi. Ohun tí a gbà ni pé ìbànújẹ́ tó wà nídìí ìtàn náà ṣẹlẹ̀, ìwé Ìgbìmọ̀ 1615 sì jẹ́rìí sí i.

Púpọ̀ nínú yín ló ti ń gba ohùn àwọn àgbà ilé sílẹ̀ lórí fóònù báyìí, tí ẹ ń ya igi ìdílé, tí ẹ ń bi ìyá àgbà léèrè orúkọ bàbá bàbá wọn. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹ má dá a dúró. Wọ́n á sọ fún yín pé bàbá ńlá yín ní oko kòkó tó lọ láti ibí dé ọ̀hún, pé jagunjagun ni, pé ọmọ ọba ni. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ibi tí wọn ò bá sì mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ lófo. Kí ẹ tó wá pa fóònù yẹn, ẹ tún bi wọ́n ní ìbéèrè kan sí i: nínú oko ńlá yẹn, àwọn ta ni ìwọ̀fà, àwọn ta ló ń san ìṣákọ́lẹ̀, kí sì ni orúkọ wọn?